Lẹ́tà Aró Lórí Ilẹ̀ Dúdú

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, mo tan kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa, mo ṣí ìwé kan tí mo ti ń tẹ̀ láti bí oṣù kan, mo sì rí i pé gbogbo aboyún inú rẹ̀ ti di “aboy n”. Ọmọ ti di “m” kan ṣoṣo. Ìyá ti di “y”. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ka ení, èjì, títí dé ogún, mo tún un tan. “Aboy n” ni wọ́n ṣì jẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àdúgbò kan tí ọ̀nà rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gbé páálí bébà wọlé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Àlhájì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì wà nísàlẹ̀, wọn a máa lu gbì-gbì látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi wà lókè, nínú yàrá kan tí a fi pákó pín, èmi àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní. Iléṣà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ taipíìsì kí n tó wá sí Èkó, nítorí náà ọwọ́ mi yá. Ṣùgbọ́n ní ti kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo ń ṣe. N kì í béèrè ìdí.

Ohun tí àwọn ilé ìtẹ̀wé yòókù ń lò kọ́ ni a ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fáírọ́ọ̀sì ti jẹ iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìwé ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ló jẹ, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àlhájì pe ọmọ ìlú wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báǹkì kan ní Marina. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é. Ó mú síídì kan wá, ó sì fi Línọ́ọ̀sì, ètò kan tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà jẹ, sí ẹ̀rọ wa. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sí ohun tí à ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ dà bí eérú, mo sì gbọ́dọ̀ tẹ àṣẹ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bínú sí i. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn rẹ̀, torí pé kì í dá ohunkóhun ṣe lẹ́yìn mi.

Nítorí Yorùbá pẹ̀lú ni Bọ̀ọ̀dá ṣe ní kí a máa lò ó. Kíbọ́ọ̀dù wa kò ní ẹ tàbí ọ, kò sì ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò tó fi sí i, mo lè fi àṣẹ pè wọ́n. Bí mo bá fẹ́ ọ, màá tẹ ìlà kan tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́tà d, àkámọ́, o, àkámọ́. Bó ṣe máa rí lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn, àfi tó bá dórí bébà ni yóò di ọ. Ọ̀rọ̀ kékeré bí “ọmọ” á wá gùn bí okùn. Ó ń rẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n débi pé mo lè máa tẹ̀ ẹ́ kí n sì máa gbọ́ rédíò.

Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ ìwé tí mò ń tẹ̀ náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì. Ó fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ mẹ́rin, ohun tó yẹ kí aboyún mọ̀ láti oṣù kìíní títí di ìgbà tí ọmọ yóò já lẹ́nu ọmú. Ó ní àwọn obìnrin tí òun ń bá pàdé ní Ìdúmọ̀tà àti Apọ́ngbọ̀n gbọ́ Yorùbá ju òyìnbó lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òyìnbó ni gbogbo ìwé tí wọ́n ń pín fún wọn ní ọsibítù. Kò sí àmì ohùn kan tí kò fi sí i. Ọjọ́ tó kó àwọn ìwé náà wá, ó na ìka sí mi.

“Má yọ ọ̀kankan. Igba, igbá, ìgbà. Obìnrin tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí òun máa bí, má lọ fún un ní igbá.”

“Mi ò ní yọ ọ́, mà.”

Orí mẹ́rin ni mo ti tẹ̀ nígbà tí báǹkì ní kí Bọ̀ọ̀dá máa lọ sí ẹ̀ka wọn ní Kàdúná. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ó sáré wọlé kí ó tó lọ kírun. Ó ní òun mú nǹkan wá fún mi. Ó ki dísìkì kan bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́.

“Kí nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá?”

“Àwọ̀ ni. Láti Mọ́ńdè, gbogbo lẹ́tà tó bá ní àmì á ní àwọ̀ tiẹ̀. Bí o bá gbàgbé àmì kan, ojú rẹ á tètè rí i. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin ẹ̀ nílé, torí ìwé Màámà yìí.”

Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ó fẹ́ ṣí ìwé náà kí n wò ó, ni iná bá lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun á máa gbọ́ ìròyìn wa. Ó lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo wá tan ẹ̀rọ ní Mọ́ńdè tí mo rí “aboy n”, àwọ̀ kankan kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, nítorí n kò rí àwọ̀ kankan. Lẹ́tà tí kò ní àmì wà níbẹ̀ pẹ̀lú eérú ara wọn. Ibi tó yẹ kí àwọn tó ní àmì wà, àlàfo dúdú ni. Agbẹ̀bí ti di “agb b”. Mo yí ojú ìwé lọ, mo yí i bọ̀. Orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀, bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ti kán ní méjì-méjì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún Àlhájì. Ó gòkè wá, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì kọ̀ǹpútà náà, ó wò ó títí.

“Ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń rí,” ó ní.

N kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó wá kọjú sí mi.

“Ojú rẹ ńkọ́? O ti ń tẹjú mọ́ nǹkan yìí jù.”

Bí mo ṣe ronú kan ojú mi nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú ní Ìdúmọ̀tà. Ó gbé ìwé ìròyìn síwájú mi, mo kà á. Ó gbé e jìnnà, mo kà á. Ó wá èyí tó kéré jù lọ, níbi tí wọ́n kọ ìkéde sí, mo ka ìyẹn náà. Ó ní ojú mi dára púpọ̀, ó sì yan awò kan fún mi síbẹ̀. Mo rà á. Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́ tí mo fi í sójú, “aboy n” tóbi sí i.

Ọjọ́ kejì, mo pinnu pé ẹ̀rọ ti jẹ àwọn lẹ́tà náà, pé kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n tún wọn tẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá rú mi lójú pátápátá. Mo lọ sí àlàfo àkọ́kọ́. Mo tẹ ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde. Mo tẹ d, ó jáde. Mo ṣí àkámọ́, mo tẹ o, gbogbo wọn dúró níwájú mi, mò ń rí wọn kedere. Mo pa àkámọ́ dé. Gbogbo wọn wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tún wọn tẹ̀. Wọ́n tún wọlẹ̀. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá kí ẹ̀rọ má baà rí ọwọ́ mi. Níbi àkámọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ń sọnù. Mo wá rò ó pé bóyá bí mo bá tẹ ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀rọ á gbé ọ̀kan mì, á sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Ní ibòmíràn mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí di Tọ́sìdeè. Àlhájì kì í jẹ́ kí a tẹ nǹkan jáde sórí bébà láìjẹ́ pé orí kan ti parí, nítorí náà n kò rí ohun tí mò ń ṣe. Mo kàn ń ṣe é ni. Láwọn ìgbà mìíràn, màá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, màá máa wo àlàfo kan ṣáá, n kò sì ní lè sọ ohun tí mò ń retí.

Ní ọ̀sán Fúráìdeè, mo tẹ orí kìíní jáde. Ìyá nọ́ọ̀sì ti wá jókòó láti wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti fa bébà náà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ kí n tó dìde. Ó fi awò rẹ̀ sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bó ṣe rí níbẹ̀ gan-an.

“Bíí ọọọmọọọ báá ńń kéé, kíí ìììyááá rẹ̀ẹ̀...” Ó wò mí láti òkè awò náà. “Ṣé obìnrin tó ń rọbí ló tẹ ìwé yìí ni?”

Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń wá láti Mọ́ńdè ló wà níbẹ̀, dúdú minimini lórí bébà funfun, ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mo wo bébà, mo wo gíláàsì. Lórí bébà, wọ́n pọ̀ jù. Lójú gíláàsì, kò sí ọ̀kankan.

“Mà, wọn ò sí níbẹ̀,” mo ní. “Mi ò rí wọn.”

“Kí ni o ò rí?”

“Àwọn lẹ́tà tó ní àmì. Bí mo bá ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n á wọlẹ̀.”

“Lẹ́tà tó tò bí èèrà síbí yìí, ìwọ ò rí wọn?”

Omi ti ń bọ̀ lójú mi. Mo fi ìka hàn án lójú kọ̀ǹpútà: ibí yìí, mà, ọmọ ló yẹ kó wà níbí. Ó dìde, ó wá dúró lẹ́yìn àga mi. Ó ti tó aago mẹ́rin, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bà lé gíláàsì náà gan-an, mo ń rí ojú àwa méjèèjì nínú rẹ̀.

“Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níbí,” ó ní. “Bí mo bá fẹ́ wo inú ẹyinjú ọmọ tuntun, inú oòrùn kọ́ ni màá gbé e lọ.”

Ó tú ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bo kọ̀ǹpútà náà, ó fi bo orí mi, ó sì ki orí tirẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì wà nínú òkùnkùn kan náà bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú. Aṣọ náà ń rùn káfúrà. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Fún ìgbà díẹ̀, n kò rí ju ohun tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ.

“Dúró,” ó ní. “Ojú ò tíì gbà á.”

A dúró. Díẹ̀díẹ̀, láàárín y àti n, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kò mọ́lẹ̀, kò sì ṣókùnkùn tán, ó kàn yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tó yí i ká. Mo rí àkámọ́ kan. Mo rí ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí gbogbo wọn, lórí gbogbo ìlà, lókè àti nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n.

“Wọ́n wà níbẹ̀!” mo pariwo.

“Ṣebí mo sọ fún ọ.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n dúdú, mà.”

“Kì í ṣe dúdú. Aró ni. Aró ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí dúdú.”

Nílé tiwa, dúdú náà ni à ń pe aṣọ aró. Dúdú ni à ń pe ewé tó bá tutù yọ̀yọ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tí á kàn mí bóyá dúdú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Nígbà tí a yọ orí kúrò lábẹ́ ìborùn, àwọn lẹ́tà náà tún ti lọ, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé wọn kò lọ síbì kankan. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ẹ̀rọ kan á fi mú aró, kí ó fi kọ̀wé sórí òkùnkùn, kí ó sì máa wo èèyàn níran. Ìyá nọ́ọ̀sì bá Àlhájì níjà ní ìsàlẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kọjá ariwo ẹ̀rọ.

Tẹlifóònù ibi iṣẹ́ wa ti kú láti bí oṣù méjì. Nítorí náà, ní Mọ́ńdè, mo gba nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ Àlhájì, mo sì rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù ní Marina. Mo tò sẹ́yìn àwọn èèyàn. Nígbà tó kàn mí, wọ́n wá a wá fún mi ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Àwọn lẹ́tà yẹn dúdú.”

“Ilẹ̀ ẹ̀ ló dúdú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

“Ilẹ̀ ẹ̀ dúdú, lẹ́tà náà sì dúdú.”

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò fi bíláàkì sí i.”

“Mi ò ní bíláàkì. Dúdú ni mo ní.”

Ó dákẹ́. Mo rò pé ìlà ti já.

“Dúdú bíi ti kí ni?” ó béèrè.

“Bí aró. Aró tó gbó dáadáa.”

“Ah! Búlúù!” Mo gbọ́ tó lu tábìlì. “Ó ti yé mi. Kọ̀ǹpútà tèmi nílé, ilẹ̀ funfun ló ní, ibẹ̀ ni mo ti kọ òfin yẹn. Ẹ̀rọ yín ń rò pé ilẹ̀ tòun náà funfun.”

“Ṣé kò rí i pé ó dúdú ni?”

“Kò lójú. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́. Mú bírò. Kọ ọ́ báyìí: set background=dark. Wàá fi sọ fún un pé dúdú ni ilẹ̀ ẹ̀.”

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi, nítorí n kò mú bébà dání. Gbogbo ọ̀nà tí mo fi rìn padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo fi ń rò ó. Ohun tó dúdú, tí gbogbo wa rí pé ó dúdú, èmi ni kí n wá lọ sọ fún un pé ó dúdú.

Mo ṣí orí kejì, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọwọ́. Ó jáde gbangba, àwọ̀ eérú, ní àárín ìlà tí Ìyá nọ́ọ̀sì ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé ọmọ sí ọmú. Nǹkan kan kò yí padà. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rò pé bóyá ẹ̀rọ ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni. Nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, mo tún gba Marina lọ.

Ẹ̀rín pa Bọ̀ọ̀dá nígbà tí mo ṣàlàyé. “O ti kọ ọ́ sínú ìwé Màámà! Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé òun lò ń bá wí. Kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Esc sí, lẹ́yìn náà kólọ́ọ̀nù, àmì tótó méjì tó wà lórí ara wọn, kí o tó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn.”

Mo padà. Mo pa gbólóhùn náà rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ àti ọmú. Mo tẹ Esc, mo tẹ tótó méjì, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́, nǹkan kan sì yọ lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run ní àsìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ fún ara mi ni, èyí tí a máa ń fi àmì kan ṣáájú kí ó má baà jáde lórí bébà: “Bi Màámà ní ìtumọ̀ èyí.” “Ojú ìwé yìí dọ̀tí, n kò rí i kà.” Mọ́kànlá ni wọ́n, àwọn náà ti wọlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń wá wọn. “Aboyún” ṣì jẹ́ “aboy n”. Mo gbé orí lé tábìlì. Ohun tí n kò pè ló dáhùn.

Ọjọ́ kejì, mo ṣàlàyé èyí fún Bọ̀ọ̀dá láti ìlà tẹlifóònù kan náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Òfin tèmi ni,” ó ní. “Mo kọ búlúù sí i pàtó. Bí o bá sọ ohun yòówù fún ẹ̀rọ nípa ilẹ̀, búlúù tí mo kọ ló máa tẹ̀ lé. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Ó sọ orúkọ ibi tí òfin náà wà fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n ṣí i bí mo ṣe ń ṣí ìwé, kí n wá ibi tí wọ́n kọ darkblue sí, kí n pa á rẹ́, kí n sì kọ àwọ̀ mìíràn síbẹ̀.

“Àwọ̀ wo?”

“Èwo ló wù ọ́?”

Ìbéèrè yẹn bá mi lójijì. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó bi mí rí ní ohun tó wù mí lójú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Mo wo aṣọ obìnrin tó wà níwájú.

“Yẹ́lò,” mo ní.

Mo dé ibi iṣẹ́, mo wá òfin náà rí, ìlà mẹ́ta péré ni. Mo yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà, mo fi pamọ́. Mo padà sínú ìwé Màámà. Kò sí ohun tó yí padà. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i pé ilẹ̀ rẹ̀ dúdú. Kò sí ohun tó yí padà. Mo pa gbogbo rẹ̀, mo lọ mu omi nísàlẹ̀, mo bá Àlhájì sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo gòkè padà, mo ṣí i.

Wọ́n wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, lórí gbogbo ìlà, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Aboyún ti padà di aboyún. N kò lè sọ pé inú mi dùn lójú ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan gíláàsì náà ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí iṣẹ́ tó ń bẹ níwájú mi: gbogbo lẹ́tà tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn lórí.

Ọ̀sán mẹ́fà ni Ìyá nọ́ọ̀sì fi wá jókòó tì mí. Yóò máa ka ìwé rẹ̀ sókè láti inú ìwé àjákọ, èmi yóò máa pa àpọ̀jù rẹ́. Bó bá dé ibi tó le, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀. “Mí sínú. Má tì í báyìí. Dúró kí n sọ fún ọ.” Nígbà mìíràn, ọwọ́ mi á dúró, màá máa fetí sí i, yóò sì lù mí pẹ́pẹ́ léjìká pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ. N kò tíì bímọ nígbà náà. Inú ọ̀sán mẹ́fà yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kí tèmi tó dé. Ní ọjọ́ kẹfà, ó mú orí kìíní dání, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, ó sì rọra ká a sínú báàgì rẹ̀. Kò yìn mí. Ó ní kí n lọ jẹun.

A tẹ ìwé náà jáde, wọ́n sì rà á. Ní ìgbà Iléyá, Bọ̀ọ̀dá wá sílé láti Kàdúná, ó sì yà kí wa. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó wo yẹ́lò mi, ó ní ó ń gún òun lójú. Ó ní òun fẹ́ mọ bí búlúù náà ṣe burú tó. Ó ṣí òfin rẹ̀, ó yí i padà sí darkblue, ó sì yọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé ilẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ó pa á, ó ṣí i, ó tẹjú mọ́ gíláàsì.

“Ṣùgbọ́n mò ń rí i,” ó ní.

Mo sún mọ́ ọn. Èmi náà ń rí i. Aró ni lóòótọ́, kò sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà ló wà níbẹ̀, láìsí ìborùn, láìbo fèrèsé.

“Bọ̀ọ̀dá, mo fi Ọlọ́run búra, kò rí báyìí nígbà yẹn.”

“Mo gbà ọ́ gbọ́. Kí ló wá yí padà?”

A ń wo ara wa ni Àlhájì sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ó ti gòkè wá.

“Èmi ni mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà,” ó ní.

“Kí lẹ rọ̀ sílẹ̀, sà?”

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n kọ̀ǹpútà náà, èyí tí n kò fọwọ́ kàn rí láyé mi. Ó ní ọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Apọ́ngbọ̀n sọ fún òun pé ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ gíláàsì, òun sì wá ní ọjọ́ Sátidé kan, òun yí i sílẹ̀ kí ó lè pẹ́ lò. Nígbà tí Màámà bá òun jà, òun tún un yí sókè díẹ̀.

“Ọjọ́ wo lẹ yí i sókè, Àlhájì?” Bọ̀ọ̀dá béèrè. “Ṣé kí ó tó yí òfin yẹn padà ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?”

Àlhájì ronú. “Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yìí lọ Marina.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ Marina, sà.”

“Ọ̀kan nínú wọn ni.”

Bọ̀ọ̀dá mú bébà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí mo ṣe, ìgbà tí mo ṣe é, ìgbà tí mo lọ mu omi. Ó bi mí bóyá mo rí Àlhájì lókè lọ́jọ́ tí yẹ́lò jáde. Mo ní ìsàlẹ̀ ni mo ti bá a. Àlhájì ní òun lè ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà ni. Bọ̀ọ̀dá fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. A kò rí i yanjú bóyá yẹ́lò ni tàbí bọ́tìnnì náà. Ó béèrè èwo ni kí òun fi sílẹ̀ fún mi, mo ní kí ó dá yẹ́lò mi padà. Àlhájì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì abẹ́ àgbọ̀n náà, ó wo ojú mi, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹnì kan pè mí láti ìsàlẹ̀ pé oníbàárà kan ti dé tó fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà, mo bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bébà wọn.